Gíráàfù Mẹ́rin Nínú Àwòrán Kan: Bí Mo Ṣe Fi Ojú Wo Ohùn Yorùbá ní Òkè-Ìlá

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, gbogbo wa ni a mọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni àwọn olùkọ́ wa ti ń fi ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí kọ́ wa pé ohùn ni ó ń fi ìyàtọ̀ hàn láàrin ọ̀rọ̀ kan àti òmíràn nínú èdè Yorùbá. Ìyàwó tí ó fẹ́ pe ọkọ rẹ̀, tí ó wá pè é ní ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè, yóò pa àwọn tí ó gbọ́ ọ lẹ́rìn-ín. Etí wa ń gbọ́ ìyàtọ̀ náà, ẹnu wa sì ń pè é láìṣì. Ohun tí mo fẹ́ bá yín jíròrò lé lórí ni bí a ṣe lè fi ojú rí ohun tí etí ń gbọ́ yìí, pàápàá jù lọ bí a ṣe lè to gíráàfù bíi mélòó kan sínú àwòrán kan ṣoṣo pẹ̀lú èdè kọ̀ǹpútà tí à ń pè ní Python, kí ojú baà lè fi wọ́n wé ara wọn. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ti máa bi ara wọn léèrè pé kí ni ó kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Èmi náà ti bèèrè bẹ́ẹ̀ rí. Àṣìṣe kan tí mo ṣe, tí ó kù díẹ̀ kí ó di ohun tí a dì mọ́ ìwé, ni ó mú mi kọ àpilẹ̀kọ yìí.

Iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá ni mò ń ṣe. Orí-ọ̀rọ̀ mi dá lórí ohùn nínú ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará Adó-Èkìtì, mo sì gba ilé ìyá tí ó bí ìyá mi lọ ní Òkè-Ìlá láti lọ gba ohùn wọn sílẹ̀. Kì í ṣe pé mo kàn ṣàdédé mú ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Àwọn olùkọ́ máa ń lo igba, igbá àti ìgbà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ní ilẹ̀ Èkìtì, fáwẹ̀lì /u/ lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: ilé ni wọ́n ń pè ní ulé, igbá ni wọ́n ń pè ní ugbá. Bí mo bá lo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, fáwẹ̀lì ti Màmá yóò yàtọ̀ sí tèmi tí mò ń sọ Yorùbá àjùmọ̀lò, n kò sì ní mọ̀ bóyá ohùn ni ó fa ìyàtọ̀ tí mo bá rí tàbí fáwẹ̀lì. Ọkọ kò ní irú wàhálà yìí.

Wàhálà tirẹ̀ ọ̀tọ̀ ni. Nígbà tí a dé orí ọkọ̀, Màmá ní, “Ọkọ̀ wo lò ń wí? Mọ́tò ni à ń wọ̀ lọ sí Ìkẹ́rẹ́.” Mo bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n tó gbà láti pè é ní ọkọ̀ nítorí tèmi. Ìgbà tí mo dé yàrá mi tí mo gbé ohùn náà sínú kọ̀ǹpútà ni mo tún rí i pé jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kejì ti bá wa dá sí ọ̀rọ̀ náà: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan dúró gbọnrangandan níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ̀rọ̀. Mo ní láti padà lọ, a sì wọ inú iyẹ̀wù, a ti fèrèsé. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, kí ó gbọ́ ohun tí ó gbà sílẹ̀ kí ó tó kúrò nílé onílé.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí ohùn jẹ́. Nígbà tí a bá ń pe fáwẹ̀lì, tán-án-ná inú ọ̀fun wa ń gbọ̀n. Bí ó bá ṣe ń gbọ̀n kíákíá tó ni ohùn yóò ṣe ròkè tó. Iye ìgbà tí ó gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni à ń pè ní Hertz. Paul Boersma àti David Weenink ní Yunifásítì Amsterdam ni wọ́n ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí ó ń ka iye yìí láti inú ohùn tí a gbà sílẹ̀. Praat ni orúkọ rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Yannick Jadoul ṣe èyí tí ó so Praat pọ̀ mọ́ Python, Parselmouth ni ó pè é. Èyí tí ó sì ń ya gíráàfù ni matplotlib, tí John Hunter, onímọ̀ nípa ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ọdún 2003. Ohun tí Hunter fẹ́ wò ni iná mànàmáná tí ń jáde láti inú ọpọlọ àwọn tí ó ní àrùn wárápá, níbi tí a ti ní láti wo ìlà púpọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kú ní ọdún 2012, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò dúró. Àwọn ẹlòmíràn ń bá a lọ.

Èyí ni bí mo ṣe ka ohùn láti inú fáìlì:

import numpy as np
import matplotlib.pyplot as plt
import parselmouth

def ka_ohun(faili):
    s = parselmouth.Sound(faili)
    p = s.to_pitch()
    h = p.selected_array['frequency']
    h[h == 0] = np.nan
    return p.xs(), h

Ìlà tí ó ṣáájú ti ìkẹyìn ni kí ẹ fi ara balẹ̀ wò. Kọ́ńsónáǹtì /k/ jẹ́ àìkùnyùn. Tán-án-ná kì í gbọ̀n nígbà tí a bá ń pè é. Nítorí náà, níbi tí /k/ bá wà, Praat kò rí ohùn kankan, òdo ni ó sì máa ń kọ síbẹ̀. Bí a bá fi òdo yìí sílẹ̀, ìlà wa yóò já sí kòtò láàrin ọ̀rọ̀, yóò sì tún fò sókè padà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó pe irú ohùn bẹ́ẹ̀. Àṣẹ náà sọ òdo di àlàfo, matplotlib kì í sì í fa ìlà kọjá lórí àlàfo. Apá méjì tí ó já sí ara wọn ni a óò rí, ọ̀kan fún sílébù kọ̀ọ̀kan, bí ó ti yẹ kí ó rí.

Lẹ́yìn èyí ni mo to gíráàfù mẹ́rin náà pọ̀:

fig, ax = plt.subplots(2, 2)
faili = ['oko1.wav', 'oko2.wav', 'oko3.wav', 'oko4.wav']
for a, f in zip(ax.flat, faili):
    t, h = ka_ohun(f)
    a.plot(t, h)
plt.show()

Nọ́ńbà méjì tí ó wà nínú subplots ni iye ìtò tí a fẹ́ ní ìbú àti iye òpó tí a fẹ́ ní òró. Fig ni gbogbo ojú ìwé, ax sì ni àwọn yàrá inú rẹ̀. Láti òdo ni Python ti ń kà, nítorí náà ax[0, 0] ni yàrá òkè lápá òsì, ax[1, 1] sì ni ti ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ax.flat kàn ń mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí a ti ń kàwé, láti òsì sí ọ̀tún, láti òkè sí ìsàlẹ̀. Kò le ju báyìí lọ. Ohun tí ó le kò sí nínú àṣẹ.

Ohùn tèmi ni mo kọ́kọ́ fi dán an wò. Nígbà tí àwòrán náà yọ, inú mi dùn. Ọkọ́ ń gòkè, ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìwé ti kọ́ wa. Ṣùgbọ́n ọkọ, tí ó jẹ́ ohùn àárín méjì, kò dúró ní ipò kan. Láti igun òkè lápá òsì ni ó ti ṣubú dé igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, bí ẹni tí ń ti orí àpáta Olósùnta sọ̀ kalẹ̀. Mo ya ti Màmá, bákan náà ni. Mo bá jókòó, mo kọ ọ́ sínú orí kẹrin iṣẹ́ mi pé ní Adó-Èkìtì, ohùn àárín ti ń di ohùn ìsàlẹ̀ ní ìparí ọ̀rọ̀. Ojú ìwé mẹ́fà gbáko ni mo fi ṣàlàyé rẹ̀. Mo tilẹ̀ ti ń wá orúkọ tí n ó sọ ìyípadà náà.

Olùdarí iṣẹ́ mi kò bá mi jiyàn rárá. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo àwọn ìlà náà, wọ́n sì ní kí n ka nọ́ńbà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíráàfù kọ̀ọ̀kan sókè. Ti ọkọ́ lọ láti 115 dé 155. Ti ọkọ̀ lọ láti 95 dé 125. Mo dé orí ọkọ, mo kà á: láti 116 dé 122. Mo dákẹ́. Hertz mẹ́fà péré ni mo fi ojú ìwé mẹ́fà ṣàlàyé.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé bí a kò bá sọ fún matplotlib, yàrá kọ̀ọ̀kan ni yóò yan òṣùwọ̀n tirẹ̀. Yóò wo nọ́ńbà tí ó kéré jù àti èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí a fún un, yóò sì na ìwọ̀nba yẹn kún inú yàrá láti ilẹ̀ dé àjà. Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni yàrá kọ̀ọ̀kan rí: ọkọ kò mọ̀ pé ọkọ̀ wà nítòsí, Hertz mẹ́fà tirẹ̀ sì ga lójú ara rẹ̀ tó ọgbọ̀n Hertz ti ọkọ̀. Bí gíráàfù kan ṣoṣo ni mo yà, kò burú, nítorí ẹni tí ó bá wò ó yóò ka nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n bí a bá ti to mẹ́rin pọ̀ sójú kan, a ti sọ fún òǹwòran pé kí ó fi wọ́n wé ara wọn, ojú kì í sì í dúró ka nọ́ńbà kí ó tó ṣe ìyẹn. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ra gàrí ní Ọjà Ọba lọ́wọ́ ẹni mẹ́rin, kóńgò mẹ́rin, tí wọ́n ti tẹ ìdí ọ̀kan wọnú. Iye kóńgò tí ó gbé délé pé, ṣùgbọ́n gàrí kò pé.

Edward Tufte, ọmọ Amẹ́ríkà, nínú ìwé rẹ̀ The Visual Display of Quantitative Information tí ó tẹ̀ jáde ní 1983, yin irú àwọn gíráàfù kéékèèké tí a tò pọ̀ báyìí púpọ̀. Agbára wọn sì wà nínú pé ohun kan ṣoṣo ni ó ń yí padà láti yàrá dé yàrá. Tèmi, ọ̀rọ̀ yí padà, òṣùwọ̀n náà sì yí padà, n kò sì mọ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ:

fig, ax = plt.subplots(2, 2, sharex=True, sharey=True)

Sharey ní kí gbogbo yàrá lo òṣùwọ̀n òró kan náà, sharex ní kí wọ́n lo ti ìbú kan náà. Mo tún un ṣe. Ọkọ́ ṣì ń gòkè, ọkọ̀ ṣì ń sọ̀, ọ̀kọ̀ wà nísàlẹ̀ jẹ́ẹ́, ọkọ sì tẹ́ pẹrẹsẹ ní àárín bí ẹní. Ìrọlẹ̀ díẹ̀ tí ó kù nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì. Ní ọ̀pọ̀ èdè ni ohùn máa ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń sọ̀rọ̀ lọ sí òpin. Bruce Connell àti D. Robert Ladd yẹ irú èyí wò nínú èdè Yorùbá, nínú àpilẹ̀kọ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1990. Mo fa ojú ìwé mẹ́fà náà ya. Ó dùn mí o, n kò níí purọ́.

Sharex náà ní ohun tí ó ń béèrè. Bí fáìlì kan bá ní ìdákẹ́jẹ́ gígùn ní ìbẹ̀rẹ̀, ìlà rẹ̀ yóò sún sí apá ọ̀tún, yóò sì dà bí ẹni pé wọn kò bẹ̀rẹ̀ pọ̀. Ẹ gé ìdákẹ́jẹ́ náà kúrò kí gbogbo ọ̀rọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Nígbà tí ó kan kí n gbé ohùn Màmá sábẹ́ tèmi, kí a lè ní ìtò méjì àti òpó mẹ́rin, ìṣòro mìíràn yọjú, òun sì ni mo rò pé ó yẹ kí a ronú sí jù. Ohùn obìnrin máa ń ròkè ju ti ọkùnrin lọ. Tèmi wà ní nǹkan bí 120 Hertz, ti Màmá wà nítòsí 200. Bí mo ti lo sharey=True, òṣùwọ̀n ní láti gba àwa méjèèjì, ó sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí ìlà tèmi fi kóra jọ sí ilẹ̀ yàrá, tí ti Màmá lẹ̀ mọ́ àjà. Irọ́ kọ́ ni àwòrán náà ń pa, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń sọ ni pé obìnrin ni Màmá, ọkùnrin ni mí. A ti mọ èyí tẹ́lẹ̀.

Matplotlib gbà kí a kọ sharey='row', kí ìtò kọ̀ọ̀kan ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Ó sàn díẹ̀. A lè fi ọkọ Màmá wé ọkọ̀ Màmá, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi ọkọ́ Màmá wé ọkọ́ tèmi, bẹ́ẹ̀ sì ni ìyẹn gan-an ni mo ń wá. Etí kì í fi ìyọkúrò Hertz gbọ́ ohùn, ìlọ́po ni ó fi ń gbọ́ ọ. Láti 100 dé 110 jẹ́ ìgòkè semitone 1.65; láti 200 dé 210, tí òun náà jẹ́ Hertz mẹ́wàá, kò ju 0.84 lọ. Semitone ni àwọn olórin fi ń wọn ohùn, méjìlá rẹ̀ ni ó sì wà láàrin ohùn kan àti ìlọ́po méjì rẹ̀. Nítorí náà mo mú ọkọ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan pè, mo wá iye tí ó bọ́ sí agbedeméjì rẹ̀, mo fi í ṣe òdo fún onítọ̀hún, mo sì yí gbogbo ìyókù padà sí semitone:

r = np.nanmedian(h_oko)
st = 12 * np.log2(h / r)

Lẹ́yìn èyí, re jẹ́ òdo fún Màmá, ó sì jẹ́ òdo fún mi. Ohùn òkè wà lókè òdo, ohùn ìsàlẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Mo wá lè padà lo sharey=True fún yàrá mẹ́jọ náà láìsí àbùkù:

fig, ax = plt.subplots(2, 4, sharex=True, sharey=True,
                       figsize=(9, 4), layout='constrained')
fig.supxlabel('Àkókò')
fig.supylabel('Semitone')

Figsize ni ìbú àti gíga ojú ìwé ní ínṣì. Layout='constrained' ni kò jẹ́ kí àkọlé yàrá kan gun orí yàrá kejì. Supxlabel àti supylabel ń kọ orúkọ òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo àwòrán, nítorí pé nígbà tí òṣùwọ̀n ti jẹ́ ọ̀kan, kò sí ìdí tí a ó fi máa kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹjọ.

Àkọlé yàrá kọ̀ọ̀kan fún mi ní iṣẹ́ díẹ̀. Mo kọ ọkọ́, àmì ohùn sì yà kúrò lórí ọ, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí àlejò tí kò mọ ibi tí yóò jókòó. Nínú Unicode, tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ó àti ò jẹ́ lẹ́tà odindi, ọ náà sì jẹ́ odindi. Ṣùgbọ́n ọ tí ó ní àmì lórí kò sí ní odindi, ńṣe ni a ń gbé àmì le e lórí, kì í sì í ṣe gbogbo ètò ni ó mọ ọ̀nà à ń gbé e. Ìwé nípa ohùn tí àmì ohùn rẹ̀ ṣáko lọ, ìtìjú ni. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi ohùn fúnra rẹ̀ ṣe àkọlé: re re, re mí, re dò, dò dò. Kò sí lẹ́tà kan níbẹ̀ tí àmì rẹ̀ lè bọ́. Bí mo ti ń wò ó lọ, mo rí i pé ó tilẹ̀ dára jù, nítorí pé ohun tí òǹwòran ń retí láti rí nínú ìlà ni a kọ sí orí rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi odindi gbólóhùn kún un, bíi “Ọkọ mi gbé ọkọ́ sínú ọkọ̀,” yóò rí i pé yàrá kékeré kò gbà á. Kí ó lo subplot_mosaic:

fig, ax = plt.subplot_mosaic('AB;CD;EE', sharey=True,
                             layout='constrained')

A, B, C àti D ni ọ̀rọ̀ mẹ́rin náà, E sì gba gbogbo ìbú ìsàlẹ̀ fún gbólóhùn. Ax['E'] ni a ó fi pè é. Kí ẹ ṣàkíyèsí pé n kò fi sharex sí i. Gbólóhùn gùn ju ọ̀rọ̀ kan lọ, bí a bá sì fi tipátipá so àkókò wọn pọ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́rin òkè yóò kóra jọ sí kọ̀rọ̀ òsì. A gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ó yẹ kí ó jẹ́ ọ̀kan àti èyí tí kò yẹ. Fún ìwé tí a fẹ́ tẹ̀, fig.savefig('ohun.png', dpi=300) ti tó.

Mo mú àwòrán oníyàrá mẹ́jọ náà lọ sí Òkè-Ìlá. Màmá bèèrè èyí tí ó jẹ́ tiwọn, mo fi ìtò ìsàlẹ̀ hàn wọ́n. Wọ́n fi ìka tọ ìlà re mí lọ títí dé òkè, wọ́n sì pe ọkọ́ jẹ́ẹ́ bí ìka wọn ti ń lọ. Nígbà tí wọ́n dé yàrá ìkẹyìn, wọ́n bèèrè ohun tí ó ṣe é tí ìlà ibẹ̀ fi já kí ó tó dé òpin. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ní ìparí ọ̀kọ̀, ohùn wọn lọ sílẹ̀ débi pé ó há, tán-án-ná kò gbọ̀n déédéé mọ́, Praat kò sì rí ohun tí yóò kà. Praat kì í wá ohùn tí ó bá wà lábẹ́ 75 Hertz bí a kò bá sọ fún un; mo ti kọ to_pitch(pitch_floor=60), àlàfo náà kò sì dí. Ó rọrùn láti fa ìlà kọjá lórí rẹ̀ kí àwòrán lè pé. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì kọ ìdí rẹ̀ sábẹ́ àwòrán.